Aboyún SS tí tramadol ti mọ́ lára: kí ni ká ṣe, kí ni a kò gbọdọ̀ ṣe?

Agbẹ̀bí Alábiyè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ tú wò, torí ó ti ń pọ̀ ní kíláàsì aboyún. Ẹ jẹ́ ká gbà pé obìnrin kan jẹ́ SS, oyún rẹ̀ ti wọ ọ̀sẹ̀ 31. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló ti ń lo tramadol 100 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ torí egungun tó ń ro ó. Ọjọ́ márùn-ún péré ni dókítà kọ ọ́ fún. Kẹ́míìsì àdúgbò ló ń tà á fún un láti ìgbà náà. Ó wá gbọ́ lórí rédíò pé tramadol ń ba ọmọ inú jẹ́. Ẹ̀rù bà á, ó ní òun máa jáwọ́ lọ́la. Ṣé ká ní kó jáwọ́? Tí kíráísì (ìrora líle ti SS) bá tún dé ńkọ́, kí la lè fún un? Kí la sì máa retí lára ọmọ?

Ọ̀gá Ìlera Àdúgbò

Ẹ má bínú, èmi ò rí ohun tó le níbẹ̀. Oògùn tí NAFDAC àti NDLEA ń lé kiri ni. Kó dà á sí ṣáláńgá lónìí, kó máa lo parasitamọ́ọ̀lù, kó sì máa mu omi dáadáa. Ọmọ inú kò mọ̀ bóyá dókítà ló kọ oògùn tàbí ọmọ gáréèjì ló tà á.

Dókítà Aboyún

Ẹ̀gbọ́n, gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ti ṣáláńgá yẹn ni ẹ má jẹ́ kí obìnrin náà gbọ́.

Ẹni tó bá ń lo ìkankan nínú àwọn oògùn apàrora líle wọ̀nyí (tramadol, kódíìnì, mọ́fíìnì àti àwọn ẹbí wọn tí à ń pè ní ópíọ́ìdì) lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti mọ́ ọn lára, ì báà jẹ́ ẹni tó ń lò ó bí dókítà ṣe wí. Tó bá dá a dúró lójijì, láàárín wákàtí 12 sí 24, imú rẹ̀ á máa ṣomi, á máa yán léraléra, awọ ara á yọ wóróworó bíi ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́, inú á máa lọ́ ọ, á máa bì, á máa ṣu. Bí ẹni tó jẹ́ AA bá rí èyí, ìyà ni. Bí SS bá rí i, ewu ni: èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á fa omi ara rẹ̀ gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ omi ló sì ń tètè dà bíi dòjé tó ń dí iṣan. Kíráísì gidi lè tẹ̀lé e. Ilé-ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún, kí ìrọbí dé láìtọ́jọ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń tan àwa òṣìṣẹ́ jẹ. Egungun àti iṣan máa ń ro ẹni tí ara rẹ̀ ń bèèrè oògùn, nítorí náà a lè pè é ní kíráísì, ká tún fi oògùn kún oògùn. Ẹ wo ojú rẹ̀ àti imú rẹ̀. Kíráísì kì í mú èèyàn yán, kì í mú imú ṣomi, kì í sì í mú kí ọmọlójú fẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìlànà WHO ti 2014 àti ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún Amẹ́ríkà, ACOG, ti 2017 fi sọ pé aboyún tí ópíọ́ìdì ti di bárakú fún kò gbọdọ̀ já a lójijì. Methadone tàbí buprenorphine (àwọn ópíọ́ìdì tí wọ́n fi ń rọ́pò èyí tó di bárakú) lábẹ́ ìṣọ́ ló sàn fún un. Obìnrin tí a ń sọ yìí yàtọ̀ díẹ̀, ìrora gidi ló ń lò ó fún, àmọ́ òfin àkọ́kọ́ kò yí padà: lọ́jọ́ tó bá wá, ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹ ka kápúsù rẹ̀, ẹ mọ iye mg tó ń wọ inú rẹ̀ lójúmọ́ ní tòótọ́. 300 mg kò tíì kọjá ààlà, torí 400 mg lójúmọ́ ni òpin fún àgbà. Kó wá bẹ̀rẹ̀ parasitamọ́ọ̀lù 1 g ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, ní déédéé, kó má dúró di ìgbà tó bá dùn ún. Kó má kọjá 4 g lójúmọ́. Bí ìrora bá rọ̀, dókítà lè yọ kápúsù 50 mg kan kúrò nínú ti ọ̀sán, kó sì dúró ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yọ òmíràn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yán tí imú ń ṣomi, ibi tí wọ́n dé náà ni kí wọ́n dúró sí. Ní ọ̀sẹ̀ 31, àfojúsùn wa kì í ṣe pé kó dé òdo kó tó bímọ. Ìwọ̀n tó kéré jù tó lè fi rìn, fi jẹun, fi sùn là ń wá, pẹ̀lú dókítà ọmọdé tó ti mọ̀ ṣáájú.

Ti pé ó ń ba ọmọ inú jẹ́: ẹ bá a ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yà ara ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán kí oyún tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Bí oṣù mẹ́rin bá ti kọjá tó sì wà ní 31 báyìí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ló bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2011 rí i pé àléébù ọkàn àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn pọ̀ díẹ̀ sí i lára ọmọ àwọn tó lo ópíọ́ìdì ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Àléébù ọkàn kan tó burú níbẹ̀, èyí tí apá òsì ọkàn kì í dàgbà, fò láti nǹkan bí 2.4 nínú 10,000 ọmọ sí 5.8. Ó ju ìlọ́po méjì lọ díẹ̀, ó sì ṣì ṣọ̀wọ́n. Kò kan ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 14. Èyí tó kàn án ni ìdàgbà ọmọ, torí SS fúnra rẹ̀ ń mú kí ọmọ kéré: kó máa ya àwòrán ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin.

Apòògùn Mókọ́lá

Dókítà, ẹ ṣeun sà. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ "ẹ ka kápúsù rẹ̀", torí ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tramadol 50 mg àti 100 mg nìkan ni òfin Nàìjíríà gbà. 200, 225 àti 250 tí ẹ ń rí ní ìgboro, fàyàwọ́ ni. Ẹni tó ń lo "ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta" lè máa gbé 675 mg mì, kí ẹ̀yin àti òun jọ máa rò pé 150 ni. Ní oṣù kejì 2025, BBC fi hàn pé wọ́n ń kó oògùn kan wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Íńdíà tó jẹ́ tapentadol àti carisoprodol pọ̀ nínú ẹyọ kan. Ìkejì yẹn, oògùn tó ń dẹ iṣan ni, ó ń dín èémí kù, jíjá a lójijì sì ń fa gìrì. Nítorí náà, ẹ má gba "tramadol ni, mà" lẹ́nu aboyún. Kó mú káàdì tí oògùn náà wà nínú rẹ̀ wá. Bí káàdì kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ kò mọ ohun tó ń lò, kí ẹni tó máa gba ẹ̀bí má lọ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Kódíìnì: ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ tó ní kódíìnì àti kíkó o wọlé láti 2018. Ìgò tí aboyún bá rí rà báyìí, ẹ̀yìn kùlé ló ti wá.

Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta míì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí ẹ bá bèèrè "ṣé o ń lo oògùn míì?" rárá ló máa sọ. Oògùn oorun bíi Valium tàbí Lexotan: òun àti ópíọ́ìdì pọ̀ ló ń pa èèyàn lójú oorun. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ: bákan náà. Alabukun: ásípírínì ló wà nínú rẹ̀, ó sì ju èyí tí dókítà ń kọ fún aboyún lọ dáadáa. Èyí tí à ń fún aboyún SS láti ọ̀sẹ̀ 12 nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, 75 mg ni. Ọ̀tọ̀ ni, ẹ má jẹ́ kó fi ìkan rọ́pò ìkejì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń mú mi gbọn: Fortwin. Pentazocine ni orúkọ rẹ̀ gan-an, 30 mg nínú ámpúùlù kan, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí fún SS. Ó ń bá ìrora jà, àmọ́ ó tún ń lé ópíọ́ìdì míì kúrò níbi tó jókòó sí nínú ọpọlọ. Bí ẹ bá gún aboyún tí tramadol tàbí mọ́fíìnì ti mọ́ lára ní Fortwin, ohun tí Dókítà ní ó ń gba wákàtí 12 kó tó dé lè dé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan: èébì, òógùn, ọkàn tó ń sáré, ilé-ọmọ tó ń fún. Wọ́n á ní kíráísì náà ló le, wọ́n á tún gún un sí i. Yàtọ̀ sí èyí, ó ní ibi tó ń dé tí kò tún ní pa ìrora mọ́, bó ti wù kí ẹ fi kún un tó, gígún un léraléra sì máa ń sọ ẹran itan di líle, kó sì yọ egbò.

Ọ̀gá Ìlera Àdúgbò

Ti Fortwin yìí tuntun sí mi, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ń sọ pé diclofenac kò sàn ju gbogbo wàhálà yìí lọ ni? Kì í di bárakú. Abẹ́rẹ́ kan, ìrora lọ.

Dókítà Aboyún

Kì í di bárakú lóòótọ́. Kíndìnrín ọmọ ló ń bá jà. Láti ọ̀sẹ̀ 20, diclofenac, ibuprofen, piroxicam àti àwọn ẹbí wọn lè dín ìtọ̀ ọmọ kù, ìtọ̀ ọmọ ló sì pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká. FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ èyí ní 2020. Láti bí ọ̀sẹ̀ 30 lọ, ó tún lè ti iṣan kan nítòsí ọkàn ọmọ pa, èyí tó yẹ kó ṣí sílẹ̀ títí ọmọ á fi mí èémí àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ 31, kò ṣeé gún rárá. Bí wọ́n bá ti gún un níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n wọn omi ọmọ nínú àwòrán.

Ohun tó jẹ́ ìdààmú ibẹ̀ nìyẹn: nínú oyún tó ti dàgbà, ópíọ́ìdì tí wọ́n ṣọ́ dáadáa ló kéré léwu jù fún ìrora tó kọjá agbára parasitamọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òdì-kejì ni.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlànà RCOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 2011 ṣe là á sílẹ̀ fún SS, torí kò sí ohun olówó gọbọi nínú rẹ̀ tí kò ṣeé ṣe nílé.

Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá wọlé, kó ti gba oògùn àkọ́kọ́. Kí wákàtí kan tó pé, kí ìrora ti rọ̀. Ẹ má ní kó tò sórí ìlà káàdì. Pethidine (ópíọ́ìdì mìíràn) kò sí nínú rẹ̀ rárá: ohun tí ara ń sọ ọ́ dà máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fa gìrì. Mo mọ̀ pé òun ló ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ yàrá ìrọbí, ṣùgbọ́n ẹ má fún SS.

Mọ́fíìnì ni wọ́n ń lò fún ìrora líle. Bí ẹ bá ní mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń pò láti inú ìyẹ̀fun, bíi tàwọn tó ń tọ́jú alákàn, ẹ ka lébẹ̀lì kí ẹ tó wọn ọ́n. Nínú èyí tó jẹ́ 5 mg ní 5 ml, 5 mg jẹ́ ṣíbí tíì kan. Nínú èyí tó jẹ́ 20 mg ní 1 ml, ṣíbí tíì kan náà jẹ́ 100 mg. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa aláìsàn. Ẹ máa kọ mg àti ml pọ̀ sórí ìwé, ẹ má kọ "ṣíbí kan". 5 sí 10 mg ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ópíọ́ìdì kò tíì mọ́ lára. Ẹni tó ti ń lo tramadol 300 mg, dókítà ló máa ṣírò tirẹ̀, wọn kì í sì í fi mọ́fíìnì lé tramadol lórí láìṣírò.

Lẹ́yìn oògùn, ní ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí ara á fi balẹ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: bí ìrora ṣe tó, bí ó ṣe ń jí sí, iye èémí ní ìṣẹ́jú kan, àti ọ́síjìn tí ẹ̀rọ orí ìka fi hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí méjì-méjì; bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, wákàtí kan-kan. Oorun máa ń ṣáájú kí èémí tó dín kù, nítorí náà ẹni tí ẹ ní láti gbọn kó tó dáhùn, ẹ má tún fún un ní oògùn. Bí èémí bá wá sílẹ̀ ju 10 lọ, ẹ dá oògùn dúró, ẹ pe dókítà, ẹ gbé naloxone (oògùn tó ń ṣẹ́ agbára ópíọ́ìdì) sí ìtòsí. Ọ́síjìn tó bá wà lábẹ́ 95, tàbí àyà dídùn pẹ̀lú ibà àti ikọ́, kì í ṣe kíráísì lásán mọ́. Ó lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì yẹ kí ópíọ́ìdì bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Omi: 60 ml fún kílò kan lóòjọ́. Obìnrin tó wọ̀n 60 kg, lítà 3.6 ni. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kí ẹ tó dà á sí i lára.

Agbẹ̀bí Alábiyè

Ẹ ṣé gan-an ni. Kí n tó bèèrè ti ọmọ: tí gìrì bá mú aboyún tó ń lo tramadol, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá tramadol ni tàbí gìrì ẹ̀jẹ̀ ríru?

Dókítà Aboyún

Ẹ má dúró mọ̀ ọ́n. Tramadol ń fa gìrì lóòótọ́, pàápàá tó bá kọjá 400 mg, tàbí tí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. SS náà sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún pọ̀ sí i, àwọn méjèèjì lè bára wọn nínú ara ẹnì kan. Gìrì aboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ ríru ni títí dìgbà tí wọ́n bá fi hàn pé kì í ṣe òun. Magnesium sulphate ni: 4 g díẹ̀díẹ̀ sínú iṣan, 5 g sí ìdí ọ̀tún, 5 g sí ìdí òsì, lẹ́yìn náà 5 g ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ẹ tó fún un ní òmíràn, èémí gbọ́dọ̀ tó 16, orúnkún gbọ́dọ̀ fò bí ẹ bá lù ú, ìtọ̀ gbọ́dọ̀ tó 30 ml ní wákàtí kan. Fún ẹni tí ópíọ́ìdì wà lára rẹ̀, ẹ má fojú kékeré wo ti èémí yẹn, torí oògùn méjèèjì ló ń fà á sílẹ̀.

Dókítà Ọmọ Ọwọ́

Mo ti ń dúró kó kàn mí.

Ibi ọmọ kì í dá tramadol dúró, nítorí náà ó ti mọ́ ọmọ náà lára. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́ ni tirẹ̀ tán. Ó sábà máa ń hàn láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta. Ti methadone lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á máa ké kíkankíkan tí ohùn rẹ̀ ń han, á máa gbọ̀n bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ara á le, á máa sín, á máa yán, á fẹ́ mu ọmú ṣùgbọ́n kò ní lè mu ún dáadáa, á máa bì, ìgbẹ́ á máa ṣomi títí ìdí á fi bó. Nígbà míì, gìrì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á lé ìyá lọ sílé lọ́jọ́ kejì torí pé ọmọ "ń ṣe dáadáa". Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kéré tán. Fún tramadol tí wọ́n ti lò fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá ọmọ ọwọ́ ni kó bí i sí, kì í ṣe ilé àdúrà.

Bí ọmọ kò bá mí dáadáa nígbà tí wọ́n bí i, báàgì àti máàsìkì. Ẹ má fún un ní naloxone. Fún ọmọ tí ópíọ́ìdì ti mọ́ lára, naloxone lè mú gìrì wá lójú ẹsẹ̀. Ti ìyá yàtọ̀: bí aboyún bá lo àlòjù tí kò mí mọ́, naloxone tọ́ sí i, díẹ̀díẹ̀ títí tí èémí á fi padà, torí ọmọ kò lè yè bí ìyá bá kú.

Ọmọ tó ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ sì wá àrùn kòkòrò. Àwọn méjèèjì ń ṣe bíi pé oògùn ló ń bèèrè, wọ́n sì ń tètè pa ọmọ ju oògùn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, tàbí 30 ml lẹ́ẹ̀kan bó bá jẹ́ kọ́ọ̀pù? Ṣé ó lè sùn fún wákàtí kan láìjí? Bó bá ń ké, ṣé ó ń dákẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé e? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò nílò oògùn. Ẹ dì í dáadáa, ẹ dín iná àti ariwo kù, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ láìsí aṣọ láàárín, kí àwọn àlejò ìkómọ máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e rárá. Bí ìkan bá jẹ́ rárá lẹ́yìn gbogbo èyí, mọ́fíìnì olómi kékeré ni, nínú yàrá ọmọ ọwọ́ nìkan. Ẹ má fún un ní phenobarbitone (oògùn gìrì) nílé, ẹ má fún un ní gripe water.

Agbẹ̀bí Alábiyè

Ọmú ńkọ́, sà? Àwọn ìyá-ọkọ á ní kó má fún un.

Apòògùn Mókọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí. Ní 2017, FDA ní kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú má lo kódíìnì àti tramadol. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ àwọn kan ń sọ kódíìnì di mọ́fíìnì kíákíá ju ti ẹlòmíì lọ, a kò sì lè fojú mọ̀ wọ́n. Ọmọ kan kú ní Toronto ní 2005, ọmọ ọjọ́ mẹ́tàlá, torí kódíìnì tí ìyá rẹ̀ ń lò lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2006. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ ti parí: parasitamọ́ọ̀lù pẹ̀lú ibuprofen 400 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ bí kíndìnrín bá dára (ọmọ ti jáde, ìdíwọ́ ti ọ̀sẹ̀ 20 ti kúrò), mọ́fíìnì kékeré fún ọjọ́ méjì mẹ́ta bó bá pọn dandan.

Dókítà Ọmọ Ọwọ́

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń bá a gba tramadol nínú ikùn, kí wọ́n má kàn já ọmú lójijì. Kó fún ọmọ lọ́mú lójú wa fún àwọn ọjọ́ tó fi wà ní wọ́ọ̀dù, kí dókítà rẹ̀ sì máa yí tramadol padà sí èyí tó sàn jù. Ohun tí ìyá àti ìyá-ọkọ máa ṣọ́ ni ọmọ tó ń sùn jù, tó ṣòro láti jí mu ọmú, tí ara rẹ̀ dẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń jìnnà síra. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin tí kò jí mu ọmú? Ilé ìwòsàn, kì í ṣe ọ̀la.

Ọ̀gá Ìlera Àdúgbò

Ó dáa. Ta wá ni yóò máa kọ oògùn fún un títí dìgbà ìbímọ? Kẹ́míìsì kò ní dáwọ́ títà dúró, òun náà kò sì ní í dáwọ́ rírà dúró.

Dókítà Aboyún

Ẹnì kan ṣoṣo. Dókítà kan, ilé oògùn kan, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, kó máa dá káàdì òfìfo padà. Bí ẹ bá rí i pé ó ti di bárakú lóòótọ́, pé ó ń lò ó nígbà tí nǹkan kan kò dùn ún, Aro ní Abẹ́òkúta àti ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú rẹ̀. Wọ́n lè bá dókítà aboyún ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ má kàn fi í ránṣẹ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Àti lactulose (oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀) 15 ml lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ láti ọjọ́ kìíní, torí ópíọ́ìdì pẹ̀lú ayọ́nù aboyún, ìgbẹ́ á dì bí òkúta.

Agbẹ̀bí, ẹ fún un ní ìwé kan tí yóò máa wà nínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú káàdì aboyún: SS, ọjọ́ tí ó máa bímọ, orúkọ oògùn àti iye mg lójúmọ́, ìgbà tó lò ó kẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà: MÁ ṢE GÚN FORTWIN. MÁ ṢE GÚN PETHIDINE. MÁ ṢE FÚN ỌMỌ NÍ NALOXONE. Kí ẹ fi nọ́ńbà dókítà ọmọ ọwọ́ sí i.

Agbẹ̀bí Alábiyè

Mo ti ń kọ ọ́ báyìí, sà. Ṣé kí n fi Valium náà sí i?

Apòògùn Mókọ́lá

Ẹ fi sí i. Kí ẹ sì kọ "diclofenac" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé.